Irun Títú Lábẹ́ Iná Tó Ń Ṣẹ́jú

Títí di òní, bí oòrùn bá ń ṣẹ́jú láàárín ewé, mo máa ń yíjú wá ọmọ mi. Mo ti darúgbó, ọmọ náà kò sì sí mọ́, ṣùgbọ́n ọrùn mi kò tíì gbọ́. Ó ń yí fúnra rẹ̀.

Ìgbà òjò tó kọjá yìí ni wọ́n sin ín. Àyà ló ń dùn ún, kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ló pa á. Lọ́dọ̀ wa ní Glei, ní ilẹ̀ Tógò, a kì í mú ìyá lọ síbi sàréè ọmọ rẹ̀. Wọ́n fi mí sílẹ̀ lórí àga lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò. Atẹ́gùn ń mi imọ̀ náà, oòrùn ń bọ́ sí mi lójú, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti padà wá bá mi.

Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n n kì í gbàgbé ènìyàn. Gbogbo ẹni tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni mo mọ orúkọ wọn, títí kan awakọ̀ tasí tó já wa sílẹ̀ lójú ọ̀nà. N kò ní kọ orúkọ kankan. Púpọ̀ nínú wọn ti lọ, n kò sì fẹ́ jókòó kí n máa pe òkú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọdún 1980 ti kọjá díẹ̀ nígbà náà. Ọkọ mi ń bá àwọn tó ń ra òwú ṣiṣẹ́, òun ló ń wọn òwú àwọn àgbẹ̀. Ó máa ń wọ bàtà lọ síbi iṣẹ́, ìyá rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé bàtà yẹn. Èmi ń ta àgbàdo sísè lẹ́bàá ọ̀nà fún àwọn èrò ọkọ̀. Ìyá ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú wa. Ó ń bọ òrìṣà ilé wọn, àwa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a sì ń jẹun nínú ìkòkò kan náà. Irun dídì ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Tí ó bá fi òwú dúdú kó irun fún ọ, tí ó sì fi òrí ra á, o lè rìn nínú òjò kí omi máa yọ́ kúrò lórí rẹ.

Ọmọbìnrin yìí nìkan ni mo bí tó yè. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń bi ènìyàn ní ìbéèrè, ó sì fẹ́ràn láti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú ọkọ̀.

Inú tasí ló ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Èmi àti òun ń lọ sí Atakpamé láàárọ̀. Ẹni tó mọ ọ̀nà yẹn mọ ibi tí wọ́n gbin igi tíìkì sí, tí wọ́n tò ó lọ́wọ̀ọ́wọ́ bí ọmọ ilé ìwé. Lílọ wa láàárọ̀ tàbí bíbọ̀ wa nírọ̀lẹ́, apá ọ̀tún ọkọ̀ ni oòrùn ń gbà wọlé láàárín wọn. Bí ọkọ̀ ṣe ń sáré, ìmọ́lẹ̀ á gbá ọmọ náà lójú, òjìji á gbá a, ìmọ́lẹ̀, òjìji, ìmọ́lẹ̀, òjìji. Mo rí i pé ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ó ń ṣeré. Mo pè é, kò dáhùn. Lẹ́yìn náà ara rẹ̀ le, orí rẹ̀ yí sẹ́yìn, ìfóòfó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu rẹ̀.

Obìnrin tó jókòó tì mí gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga. "Ẹ má jẹ́ kí itọ́ ẹnu rẹ̀ kan aṣọ mi o."

Awakọ̀ dúró. Kò wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ yìí ni mo fi ń bọ́ ilé mi."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó sínú koríko pẹ̀lú ọmọ ní itan mi, títí ara rẹ̀ fi rọ̀, tó lajú, tó sì bi mí pé ta ló lé wa sọ̀ kalẹ̀. Mo fi etí aṣọ mi nu ẹnu rẹ̀.

Ó tún ṣe é. Ó ṣe é lábẹ́ igi ọ̀dán ilé ìwé nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ ewé, olùkọ́ sì ní kí a mú un lọ sílé ná, pé àwọn òbí yòókù ń sọ̀rọ̀. Ohun tó tún wá ń já mi láyà jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú sí oòrùn fúnra rẹ̀, á ya ìka ọwọ́ rẹ̀, á sì máa jù ú síwá sẹ́yìn níwájú ojú, bí ẹni tó ń juwọ́.

Ìyá ọkọ mi rí i. Ó ní, "Ta ni ọmọ yìí ń kí?"

Mo ní, "Ìyá, kò kí ẹnikẹ́ni."

"Ó ń kí ẹnìkan. Àwa ni a ò rí onítọ̀hún."

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá wà lẹ́bàá ọ̀nà tí mo ń ta àgbàdo, etí mi kan wà nílé. Bí ìgò bá ṣubú, àyà mi á já. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá pọ̀ jù, á tún já. Mo gbà pé nǹkan kan wà nínú ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́ ọmọ mi, tó ń pè é, tó máa tó mú un lọ tí kò ní dá a padà.

Ọkọ mi ló gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì tó wà ní Glei pé dókítà òyìnbó kan ti gbé ẹ̀rọ wá sí ọsibítù kan lókè Atakpamé. Ó ní ẹ̀rọ náà ń gbọ́ ohun tí ọpọlọ ń ṣe nígbà tí ojú bá rí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n á tan iná sí ojú ọmọ, iná tó ń ṣẹ́jú, ẹ̀rọ á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá ọkọ mi gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀. "Tún un sọ."

Ó tún un sọ.

"Ọmọ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé ṣubú, ẹ fẹ́ gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti tan ìmọ́lẹ̀ sí i lójú. Bàtà yẹn ti ń fún ọ lọ́pọlọ ni?"

"Ìyá, bí wọn ò bá rí i bó ṣe ń ṣe, oògùn wo ni wọ́n fẹ́ fún un?"

Ó kọjú sí mi. "Ìyàwó, kí lo wí?"

Èrò ìyá ọkọ mi ni èrò mi. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó sínú koríko yẹn, n kò sì rí ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo ní a ó lọ.

Nígbà tó rí i pé a ó lọ, ìyá àgbà fa ọmọ náà sáàárín orúnkún rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó sì di irun rẹ̀. A kì í mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ àlejò ní orí wúruwùru. Ó kó o ṣókí ṣókí, ó ra á ní òrí títí ó fi ń dán bí ẹ̀yìn ìgbín lẹ́yìn òjò. Mo rò pé àdúrà tirẹ̀ nìyẹn.

Ní òwúrọ̀, nínú tasí, mo di gèlè mi mọ́ ọmọ náà lójú kí a tó dé ibi igi tíìkì. Ọ̀gbẹ́ni kan béèrè bóyá mo fẹ́ lọ tà á ni, tí n kò fẹ́ kó mọ ọ̀nà ilé. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó sì dákẹ́. Mo gbé orí ọmọ sí àyà mi. Mo ń gbọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gbá ẹ̀yìn ọwọ́ mi, bí a bá lè sọ pé ènìyàn ń gbọ́ ìmọ́lẹ̀.

Yàrá tí wọ́n mú wa wọ̀ ṣókùnkùn. Wọ́n ti fi kúbùsù dí àwọn fèrèsé. Àpótí ńlá kan wà níbẹ̀ tó ní kálàmù tíntìntín lórí, tí bébà gígùn ń kọjá lábẹ́ wọn, okùn wáyà sì pọ̀ lára rẹ̀ bí gbòǹgbò. Níwájú ibùsùn, iná kan wà lórí ọ̀pá, ó rí rìbìtì, ó kọjú sí ìrọ̀rí. Obìnrin ni dókítà òyìnbó náà, ó ga, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lédè Faransé. Ẹni tó ń túmọ̀ fún wa ni Másẹ̀ẹ̀ kan, bí a ṣe ń pe àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà tó ń tọ́jú aláìsàn. Ọmọ Atakpamé ni, èdè Ifẹ̀ bíi tiwa ló ń sọ.

Másẹ̀ẹ̀ fọwọ́ kan orí ọmọ mi. "Ta ló di irun yìí? Ó mọ iṣẹ́. Ó ṣe mí láàánú pé a máa tú u."

"Ẹ máa tú u kẹ̀?"

"Màmá, òrí ti kún inú rẹ̀. Wáyà ò ní lè di awọ orí mú. A ó tú u, a ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́."

Mo fa ọmọ mi sẹ́yìn. "Másẹ̀ẹ̀, ọmọ ibí ni yín. Ẹ mọ ohun tí obìnrin tó bá tú irun ń sọ fún aráyé."

"Mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí bàbá mi kú, mo tú tèmi."

"Ta ló wá kú fún ọmọ tèmi?"

Òyìnbó béèrè ohun tí a ń sọ, Másẹ̀ẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún un. Òyìnbó kúnlẹ̀ sílẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá tèmi dọ́gba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, Másẹ̀ẹ̀ ń túmọ̀. Ó ní ọpọlọ ènìyàn ní iná tirẹ̀, iná tó kéré débi pé kò lè mú ìka ọwọ́ gbóná. Wáyà yẹn kò ní fi iná kankan sínú ọmọ náà. Ṣe ni wọ́n dúró lóde awọ orí, wọ́n ń gbọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan ojú, ẹ̀yìn orí ló ń dá a lóhùn.

Mo fọwọ́ kan ìpàkọ́ mi. "Ìpàkọ́? Ojú sì wà níwájú."

"Ibẹ̀ ni ohun tí ojú rí ń lọ," Másẹ̀ẹ̀ wí. "Ó ya èmi náà lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́."

Òyìnbó ní bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣẹ́jú, ìpàkọ́ á dáhùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yára, ìdáhùn náà á yára. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìdáhùn yẹn kì í kúrò lẹ́yìn níbẹ̀. Lára àwọn kan, kì í dúró. Ó ń ràn bí iná ọyẹ́ nínú pápá, títí gbogbo orí á fi máa dáhùn pọ̀, ìgbà yẹn ni ara ń le. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá bó ṣe rí lára ọmọ mi nìyẹn, àti irú ìyára tó ń mú un ràn.

"Tó bá wá ràn?"

"A ó pa ìmọ́lẹ̀ kí ó tó dé ara."

"Tí ẹ kò bá tètè pa á ńkọ́?"

Másẹ̀ẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó dákẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì pé oògùn wà lọ́wọ́ òun. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo gbọ́, n kò gbọ́ ti oògùn.

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Ọkọ mi dúró síbẹ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀. Mo rò ó. Ọmọbìnrin tí kò tíì ní ọkọ, bí ó bá tú irun, ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ni ó ń ṣọ̀fọ̀. Ó dára. Mo wí i nínú mi, n kò wí i síta: bí ẹnìkan bá gbọ́dọ̀ wà tí irun yìí ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, èmi ni. Ohun tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, kó gba èmi, kó fi òun sílẹ̀. Mo ṣe àdéhùn yẹn pẹ̀lú ẹni tí n kò mọ̀. Lẹ́yìn náà mo sọ fún Másẹ̀ẹ̀ pé, "Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe fún. Kí n rí ohun tó fẹ́ rí."

Òyìnbó gbà. Mo jókòó, mo tú irun ọmọ mi fúnra mi.

"Ìyá, ìyá àgbà á bínú."

"Jẹ́ kó bínú."

Másẹ̀ẹ̀ fọ̀ ọ́ nínú báàfù, ọṣẹ ń yọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi gbogbo òrí yìí sè ni?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà tú tèmi, wọ́n fọ̀ ọ́.

Wọ́n fi nǹkan yíyi kan lẹ àwọn wáyà mọ́ mi lórí, ó tutù. Wọ́n ní kí n dijú. Kálàmù bẹ̀rẹ̀ sí í ha bébà, bí adìẹ tó ń ta ilẹ̀. Lẹ́yìn náà iná dé. Mo dijú, síbẹ̀ mò ń ríran. Pupa ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà igun igun bí aṣọ híhun, tí ẹnìkan ń fà kọjá lójú mi láìdúró. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ó dára. Mo wá mọ ìdí tí ọmọ mi fi ń juwọ́ sí oòrùn. Kò kí ẹnikẹ́ni. Aṣọ yẹn ló ń wá.

Nígbà tí wọ́n pa á, òyìnbó fi bébà hàn mí. Ó ní ibí ni mo ti dijú ní pẹ̀lẹ́, ibí ni iná ti dé, ìpàkọ́ mi dáhùn, kò sì kọjá ibẹ̀. Mo wo àwọn ìlà náà. N kò mọ̀ wọ́n kà, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọn kò sá.

Ó wá kan ọmọ mi. Wọ́n jẹ́ kí n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Iná bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìyá, mo rí aṣọ."

"Mo rí i náà. Dákẹ́."

Ó yára sí i. Kálàmù ń lọ bákan náà. Ó tún yára. Mo ń wo ojú ọmọ, mo ń wo kálàmù, n kò mọ èyí tí ǹ bá wò. Lójijì gbogbo kálàmù náà fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń fò, wọ́n ń ha bébà bíi pé wọ́n fẹ́ ya á. Ìpéǹpéjú rẹ̀ gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le lọ́wọ́ mi bí ọmọ odó. Òyìnbó pa iná.

Òkùnkùn bo gbogbo wa. N kò rí ojú rẹ̀. Kálàmù nìkan ni mo ń gbọ́, wọn kò sì tíì rọlẹ̀. Mo di ẹsẹ̀ náà mú, ó le, ó le síbẹ̀. Mo wí nínú mi pé, a ti ṣe àdéhùn, mo ti tú irun, èmi ni mo wà níbí. Kò sí ẹni tó dá mi lóhùn.

Lẹ́yìn náà kálàmù rọlẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mì.

"Ìyá, òùngbẹ ń gbẹ mí."

Òyìnbó ní ohun tí wọ́n ń wá ti hàn. Oògùn funfun kékeré kan wà tó gbọ́dọ̀ máa lò ní alaalẹ́. Ó sì ní bí ìmọ́lẹ̀ bá ń ṣẹ́jú sí i, kó má wulẹ̀ dijú, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń gba ara ìpéǹpéjú kọjá, èmi náà ti rí i. Kó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan pátápátá. Ojú kan ṣoṣo kò lè mú ìdáhùn tó máa ràn wá. Mo ní kó tún un wí. Mo ní kí ọmọ náà ṣe é níwájú wa kí n rí i.

Ọkọ mi dúró láti wá oògùn náà rà, ó ní kí àwa máa lọ. Irun wa ṣì tutù, kò ṣeé dì. Nínú tasí, oòrùn ìrọ̀lẹ́ tún wà ní apá ọ̀tún, ó sì rẹ ọmọ náà débi pé ọwọ́ rẹ̀ kò lè dúró lójú. Mo tún fi gèlè mi bò ó lójú, mo sì gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Glei.

Ìyá ọkọ mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbójú sókè. Ó rí mi ní orí títú, láìní gèlè. Ó rí ọmọ ní orí títú. Kò rí ọmọ tirẹ̀. Atẹ ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Níbo ni ó wà?"

Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń bẹ̀rù nítorí ọmọ, ọ̀rọ̀ ọkọ mi kò sí lọ́kàn mi rárá, n kò mọ ohun tó ń bi mí. Obìnrin ilé kejì yọjú, ó rí mi, ó gbé ọwọ́ lérí. Ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìgbà tí mo rí i tí ìyá ọkọ mi ń na ọwọ́ sí gèlè tirẹ̀ láti tú u ni mo tó fọwọ́ kan orí mi.

"Ìyá, kò kú. Ẹ̀rọ ló fà á."

"Ẹ̀rọ ló pa á?"

"Ẹ̀rọ ò pa ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní a ò lè ṣe é láìtú irun."

"Bàbá ń bọ̀," ọmọ mi wí láti abẹ́ gèlè. "Ó ń ra oògùn mi."

Kò gbà wá gbọ́. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹ̀wà rẹ̀, àwọn obìnrin jókòó yí i ká, títí tasí kan fi dúró tí bàtà yẹn fi kan ilẹ̀. Ó dìde, ó lọ fọwọ́ kan apá rẹ̀ méjèèjì, ó wá fi gèlè rẹ̀ nà án léjìká. "Ìwọ tó wọ bàtà. O ò lè bá ìyàwó rẹ rìn wálé?"

Lẹ́yìn náà ó pe èmi àti ọmọ jókòó, ó di irun wa méjèèjì kí a tó jẹun. Ó béèrè bóyá wọ́n á tún pè wá padà. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbé igbá òrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò fi kan irun wa.

Ọmọ mi padà sílé ìwé. Oògùn náà kò jẹ́ kó ṣe é mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó wá ṣọ̀wọ́n. Wọ́n ń pè é ní olójú kan nítorí ọwọ́ tó ń gbé bo ojú, ó sì máa ń dá wọn lóhùn pé ojú kan náà ti pọ̀ jù láti fi wò wọ́n. Ó kọ́ aṣọ rírán, ó bí ọmọ. Ní gbogbo ọdún yẹn, bí a bá jọ kọjá níbi igi tíìkì, ọwọ́ rẹ̀ á gòkè fúnra rẹ̀, èmi náà á sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. N kò sọ fún un rí pé ó ti ṣọ̀fọ̀ mi ní ọjọ́ yẹn.

Lábẹ́ àtíbàbà, nígbà tí wọ́n ti gbé e lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun mi. Àwọn obìnrin tó kù tì mí di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní ìyá kì í tú irun fún ọmọ, àgbà kì í ṣọ̀fọ̀ ẹni tó bí. Mo ní mo mọ̀. Mo ní òun ti tú tirẹ̀ fún mi. Wọn kò mọ ohun tí mò ń sọ, wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ni, wọ́n sì fi mí sílẹ̀.

Atẹ́gùn ń fẹ́ imọ̀ náà. Ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí mi lójú, òjìji, ìmọ́lẹ̀, òjìji. Ẹ̀rù bà mí bó ṣe bà mí nínú òkùnkùn yẹn, nígbà tí ẹsẹ̀ kan le lọ́wọ́ mi tí n kò mọ̀ bóyá ó máa rọ̀. Mo fẹ́ bo ojú kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú irun, òwú náà kò sì tíì tú tán.